Ojìjí: Orúkọ Ẹja àti Iṣẹ́ Aṣẹ̀dá-Ọ̀rọ̀

Bí olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni nípa ẹja tí í fi agbára mànàmáná ṣọdẹ, ohun tí ó lè kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni kí ó túmọ̀ orúkọ ẹja náà láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó pè é ní ‘ẹja oníná’. Iṣẹ́ àṣedànù ni. Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́: ojìjí.

Ìbátan àrọ̀ ni ojìjí. Kò ní ìpẹ́. Irùngbọ̀n mẹ́fà ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré. Lẹbẹ kan ṣoṣo tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rá ni, ìtòsí ìrù ni ó sì wà. Omi tí kò yára ṣàn ni ó fẹ́, láàrin àpáta tàbí gbòǹgbò igi. A máa sápamọ́ lọ́sàn-án, a sì máa ṣọdẹ lóru. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, Ògbẹ̀sẹ̀ sì ṣẹ̀ ní Ayédé-Èkìtì. Ilẹ̀ olókè ni méjèèjì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí omi ti ń fara balẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àárín Èkìtì lè mọ àrọ̀ dáadáa láìfojú kan ojìjí rí. Orúkọ ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹran ara tí ó yí padà ni ó di ẹ̀yà tí ń mú mànàmáná jáde. Abẹ́ awọ ni ó wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ara ẹja náà. Agbára rẹ̀ lè tó 350 fóólùtì. Òun ni ojìjí fi ń mú ẹja mìíràn dákú kí ó tó gbé e mì, òun náà ni ó sì fi ń lé ọ̀tá. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣoṣo fún ìhà kọ̀ọ̀kan, nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn, ni ó ń pàṣẹ fún ẹ̀yà yìí.

Níhìn-ín ni ìṣòro gidi wà. ‘Iṣan’ ni Yorùbá ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, òun náà ni a ń pe okùn tí ń gbé àṣẹ káàkiri ara. ‘Iṣan ìmọ̀lára’ kò yanjú ọ̀ràn náà, nítorí àṣẹ ni ti ojìjí ń gbé, kì í ṣe ìmọ̀lára. ‘Iṣan òjíṣẹ́’ ni ó bá a mu jù, nítorí pé òjíṣẹ́ lè mú ìròyìn wá, ó sì lè gbé àṣẹ lọ.

Oríṣiríṣi ni ojìjí. Gmelin ló sọ irú kan ní Malapterurus electricus ní 1789. Murray sọ òmíràn ní M. beninensis ní 1855. Ní 1987, Sagua ṣàpèjúwe irú kan láti Kainji, ó sì pè é ní M. minjiriya, láti inú minjirya, orúkọ tí Haúsá ń pe ẹja yìí. Bí orúkọ Haúsá bá wọ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbogbo ayé, kò sí ìdí tí a ó fi lé ojìjí jáde nínú ìwé Yorùbá. Kí ojìjí jẹ́ orúkọ ìdílé náà lápapọ̀, kí a sì fi ibùgbé yà wọ́n sọ́tọ̀: ojìjí Náílì, ojìjí Kainji. Inú ara ẹja náà, níbi tí apẹja kò fojú tó, ni iṣẹ́ aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.