Omi Odò Ọya àti Iná Niamey

Odò tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ọya kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ní àwọn òkè ilẹ̀ Guinea ni ó ti ṣẹ̀. Ó la Mali kọjá, ó la Niger, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Olómìnira Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà lọ sí òkun. Niger tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni orílẹ̀-èdè tí Niamey jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Niger tí Minna jẹ́ olú-ìlú fún. Nínú gbogbo àwọn tí odò yìí gba ilẹ̀ wọn kọjá, Nàìjíríà ni ènìyàn rẹ̀ pọ̀ jù, síbẹ̀ òun ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, omi tí ẹni òkè bá jẹ́ kí ó kọjá ni yóò rí bù. Láti inú èyí ni òwò iná mànàmáná láàárín Nàìjíríà àti Niger ti jáde, ẹni tí ó bá sì kà á sí òwò lásán kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1969 ni wọ́n ṣí ìsédò Kainji, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí dáàmù Kainji. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40,000 ni wọ́n kó kúrò níbùgbé wọn nítorí rẹ̀, Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ adágún náà títí di òní. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, wọ́n tún sé odò yìí ní Jẹ́bà, níbi tí omi tí Kainji ti lò tán ti ń yí ẹ̀rọ mìíràn.

Ìgbà méjì ni omi máa ń kún dé Kainji lọ́dún. Èkíní ni wọ́n ń pè ní omi funfun. Òjò àgbègbè Sókótó àti ti àwọn odò ìtòsí ni ó ń mú un wá, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ògì nítorí amọ̀ tí ó rù. Èkejì ni omi dúdú. Òjò tí ó ti rọ̀ ní Guinea ní oṣù púpọ̀ sẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n ó ti fi sùúrù rìn gba inú irà ńlá ilẹ̀ Mali, ó ti já ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti mọ́. Láti nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni ó ń dé Kainji, nígbà tí òjò ti dá, tí koríko ti gbẹ. Omi dúdú yìí kò ní ọ̀nà mìíràn ju ilẹ̀ Niger lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sé e mọ́ òkè, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ẹ̀rọ Kainji yóò ti mọ̀ ọ́n.

Nàìjíríà kò dúró de ọjọ́ náà. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti na wáyà iná láti Birnin Kebbi lọ sí Niamey. Lẹ́yìn náà, wọ́n na òmíràn láti Katsina sí ìhà Maradi àti Zinder. Iye tí wọ́n ń ta iná náà fún Niger kò wọ́n, nítorí ohun tí Nàìjíríà ń rà padà kì í ṣe owó: ó fẹ́ kí Niger má sé odò. Ní ọdún 1990, ní Maiduguri, àwọn méjèèjì tún fọwọ́ sí àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe máa pín omi tí ó pa wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n Niger náà ní ẹ̀dùn tirẹ̀. Nínú ọ̀dá ọdún 1985, omi odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́ ní Niamey. Ìlú tí ó ti rí irú èyí kò lè ṣe aláìfẹ́ ìsédò, kì í ṣe fún iná nìkan, bí kò ṣe fún omi mímu àti oko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kandadji, ní òkè Niamey, ni wọ́n yàn fún un. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń falẹ̀. Ẹyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ ẹyẹ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun lé Ààrẹ Mohamed Bazoum kúrò lórí oyè. Ààrẹ Nàìjíríà, Bọ́lá Tinúbú, ni ó ń ṣe alága àjọ ECOWAS nígbà náà. Àjọ náà kéde ìjìyà, nígbà tí oṣù kẹjọ sì bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà gé iná. Bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iná tí Niger ń lò ni ó ń ti Nàìjíríà wá. Òkùnkùn sì bo Niamey fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́. Àwọn tí wọ́n di ìjọba mú kọ́ ni ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, bí kò ṣe aránṣọ, alágbẹ̀dẹ àti ẹni tí ó ń ta omi dídì.

Wáyà ṣeé gé ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n odò ńlá kò ṣeé sé ní ìṣẹ́jú kan. Niger kò ní ìsédò tí yóò fi fèsì, nítorí náà ó rọrùn fún Abuja láti rò pé ojú kan ṣoṣo ni idà yìí ní. Èrò náà kò jinlẹ̀. Ohun tí ó mú kí Niger fara mọ́ àìsé odò fún ọdún pípẹ́ ni pé iná ń dé. Nígbà tí iná kò dé mọ́, kí ni ó kù tí yóò dá a dúró? Ní ọdún 2023 kan náà ni ilé iná olóòrùn Gorou Banda, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 30, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí Niamey. Ní ti Kandadji, ìjìyà náà dí owó rẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe ará Ṣáínà sì dáwọ́ dúró: ohun tí ó fi hàn pé ìsédò náà ṣe pàtàkì ni ó tún dá a dúró.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ECOWAS mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjìyà náà kúrò. Ní oṣù kẹta, Nàìjíríà pàṣẹ kí wọ́n dá iná padà. Ṣùgbọ́n Niger ti kéde pé òun ń lọ, ó sì jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Tábìlì tí ó kù tí wọ́n ti lè jọ sọ̀rọ̀ omi ni ti àjọ àwọn ìlú tí ó pín Odò Ọya, àti ti ìgbìmọ̀ àjọṣe tí Nàìjíríà àti Niger dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ka ECOWAS nínú wọn, Niamey sì ni ilé àwọn méjèèjì wà.