Abúlé Tó Di Ẹ̀kán Omi: Bí Òǹkàwé Ṣe Rí Ẹnu Sọ̀rọ̀ Lórí Ìkànnì

Ní ọdún 2000, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já wọ́n bí ojú lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Antwerp, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Hans Snijder ní ọ̀kan. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Dries Buytaert, wá so ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ láìlo wáyà, kí èèyàn mẹ́jọ lè jọ máa lò ó. Àjọlò kì í sì í wà kí ọ̀rọ̀ má wà: ṣé nẹ́tíwọ̀kì ń ṣiṣẹ́ lónìí, níbo la ti máa jẹun alẹ́? Dries bá ṣe ìkànnì kékeré kan tí wọ́n ti lè máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síra wọn.

Nígbà tí Dries kẹ́kọ̀ọ́ jáde tó sì kó kúrò níbẹ̀, wọn ò fẹ́ kí okùn náà já, ni wọ́n bá gbé ìkànnì náà síta gbangba. Orúkọ tí Dries fẹ́ sọ ọ́ ni dorp, ìyẹn abúlé lédè Dutch. Ìka ṣì í tẹ̀, ó di drop, ẹ̀kán omi. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ó fi sọ́fítíwíà tó gbé ìkànnì náà ró ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Ó pè é ní Drupal, orúkọ tó fà yọ láti inú druppel, tí àwọn Dutch ń pe ẹ̀kán omi.

Lónìí, ẹni tó ń fi Drupal ṣe ìkànnì kò nílò kó kọ kóòdù kó tó fún òǹkàwé láyè láti dá sí ọ̀rọ̀. Yóò kàn yan ojúewé tó fẹ́ kí wọ́n ti máa sọ̀rọ̀: ó lè ṣí ti ìròyìn sílẹ̀, kó ti ti àdírẹ́sì ọ́fíìsì pa. Yóò tún pinnu bóyá ẹni tó ń kọjá lọ lásán lè sọ̀rọ̀, àbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan, àti bóyá ọ̀rọ̀ yóò hàn lójú ẹsẹ̀ tàbí kí olóòtú kọ́kọ́ kà á. Ìdásí kọ̀ọ̀kan ń gbé nọ́ńbà ojúewé tó wà fún, àti ti ọ̀rọ̀ tó ń fèsì sí. Ìdí nìyẹn tí èsì kì í fi í sọnù mọ́ ọ̀rọ̀ tó bí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ògiri tó bá lanu, aláǹgbá á wọ̀ ọ́. Torí pé Google ń fi iye ìkànnì tó tọ́ka sí ojúewé kan díwọ̀n iyì rẹ̀, àwọn oníṣòwò ẹ̀rú rán rọ́bọ́ọ̀tì láti máa da àdírẹ́sì ọjà wọn sínú ìdásí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2005, Google, Yahoo àti MSN fohùn ṣọ̀kan lórí àmì nofollow, kí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ má bàa níye lórí mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Matt Mullenweg, ọ̀kan nínú àwọn tó dá WordPress, sọ́fítíwíà ìkànnì bíi Drupal, sílẹ̀, gbé Akismet jáde láti máa sẹ́ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kúrò.

Wọ́n rí ti rọ́bọ́ọ̀tì ṣe. Ti ẹlẹ́nu burúkú ló ṣòro. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, Popular Science, ìwé ìròyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872, pa ìdásí rẹ̀ tì. Wọ́n ní àwọn aláriwo díẹ̀ ti tó láti lọ́ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, nítorí náà ìdásí dára. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́jọ ìjọsí mọ ojú ara wọn. Tìrẹ, o ò mọ ẹni tó ń bọ̀. Kí o tó ṣílẹ̀kùn, yan ẹni tí yóò máa jókòó síbẹ̀.