Ǹjẹ́ Ọpọlọ Pípé Nìkan Tó Láti Fi Ṣe Olórí Rere?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ní ọdún tí ẹgbẹ́ wa pe àríyànjiyàn lórí irú ènìyàn tó yẹ kí a máa fi ṣe olórí ìlú. Apá tí wọ́n fi mí sí ni ti àwọn tó gbà pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá pé jù lọ ni kí á máa yàn. Inú mi dùn, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n ti dá mi láre kí n tó dé ilé ẹjọ́. Ta ni yóò dìde láàrin àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kí ó ní òmùgọ̀ ni kí á fi jọba?

Nígbà ìsinmi Àjíǹde ni mo lọ sí ilé wa ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ojú títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ yóò mọ ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ọjà iṣu àti gààrí wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń la gẹdú. Yorùbá, Ebira, Íbò àti ẹ̀yà mìíràn jọ ń ṣe òwò pọ̀ níbẹ̀. Bàbá kan wà tó ń ta pákó nítòsí ilé wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Òun ni mo lọ ka ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn mi fún kí n lè mọ̀ bóyá ó dùn létí.

Bàbá gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, ẹ kò rí i pé ọgbọ́n wà nínú orúkọ wọn?"

Wọ́n ní, "Ó dára. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló lé wa kúrò ní Kùmásí."

Ẹ̀rín mi bá gbẹ. Bàbá sọ fún mi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn nígbà náà. Aṣọ ni bàbá wọn ń tà, ó sì ti pẹ́ ní Gánà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń sọ èdè ibẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni ìjọba fún wọn. Aṣọ tó wà ní ìsọ̀, iye tí oníbàárà bá dárúkọ ni wọ́n tà á. Àwọn tó jẹ bàbá wọn lówó kàn ń ka ọjọ́ ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá pé, gbèsè di àwátì. Nígbà tí wọ́n padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá wọn kò rí owó mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ òwò títí ó fi kú. Iṣẹ́ ni Bàbá fúnra wọn wá débi Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Mo gbé ìwé àríyànjiyàn mi, mo padà sílé. Nígbà tí a wọlé, ilé ìkàwé ni mo kọ́kọ́ lọ láti wádìí ẹni tí Bàbá ń wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kofi Abrefa Busia ni. Ní 1913 ni wọ́n bí i sí Wenchi. Ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó di Fásitì Gánà lónìí. Ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀ ní àwùjọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ojo: ó dojú kọ Nkrumah títí ó fi di ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn odi ní 1959. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé ìbò ní oṣù Kẹjọ 1969, tí ó sì di Olórí Ìjọba, bí a bá ní kí a fi ọpọlọ wọn àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ìgbà náà, díẹ̀ ni yóò bá a dọ́gba.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba rẹ̀ kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó di ẹrù. Ní 1970, ìjọba yìí kan náà lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba 568 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì jàre. Busia bọ́ sórí rédíò, ó ní kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fi ipá mú ìjọba láti gba ẹni tí kò fẹ́ síṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1971 ó dín iye owó sídì kù lọ́nà tó mú kí ọjà gbówó lórí lójijì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1972, àwọn ológun gbàjọba.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìwé tó sọ Busia di olókìkí dá lórí ipò ọba láàrin àwọn Àṣáńtì. Ó ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọba Àṣáńtì gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn àwọn àgbà, àti pé ọba tó bá kọ etí dídi sí wọn lè pàdánù ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yé e ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Àmọ́ ó yé e nínú ìwé. Nígbà tí ó gun ìtẹ́, ilé ẹjọ́ tó ní kó dúró di ọ̀tá lójú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Gánà nìkan ni mo ń bá wí. Ní oṣù Kìíní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn jáde, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà ni a sì fún wọn.

Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, àlọ́ Ìjàpá ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìjàpá ṣa gbogbo ọgbọ́n ayé jọ sínú akèǹgbè kan, ó fẹ́ lọ gbé e kọ́ sórí igi kí ẹlòmíràn má baà rí i lò. Ó gbé akèǹgbè kọ́ ọrùn níwájú àyà, kò sì lè gun igi. Ọdẹ kan tó ń kọjá lọ ní, "Ìjàpá, èéṣe tí o kò gbé e sẹ́yìn?" Bí ó ti gbé e sẹ́yìn ló gun igi wẹ́rẹ́. Ìgbà náà ló yé e pé ọgbọ́n ṣì kù nílẹ̀ lẹ́yìn èyí tí òun kó. Àwọn Akan ní Gánà náà ń pa irú àlọ́ yìí. Aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní Ananse ni wọ́n fi sí ipò Ìjàpá.

Bí a bá fi ojú inú wò ó, èdè wa gan-an kò fi gbogbo ọgbọ́n sójú kan. Ìmọ̀ ni ohun tí a kọ́. Òye ni kí á rí ìdí ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni èyí tí a fi ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Ọpọlọ pípé lè ṣe ìyá fún gbogbo wọn. Olè tó ń fi gègé jalè gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò ju olè tó ń fọ́lé lọ. Nítorí náà, bí a bá yan ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, a kò tíì mọ èwo nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò gbé wọlé.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa jẹ́rìí sí èyí. Bó bá ṣe ti ìwé ni, ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà níwájú wa? Lára àwọn tó ti ṣe gómìnà wa ni olùkọ́ bíi Adekunle Ajasin àti Adebayo Adefarati, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta bíi Ọ̀mọ̀wé Olusegun Agagu, dókítà oníṣègùn bíi Olusegun Mimiko ọmọ ìlú Oǹdó, àti àgbà amòfin bíi Rotimi Akeredolu. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ léèrè bóyá gbogbo ìjọba tó ti kọjá ló dùn mọ́ wọn bákan náà.

Nínú wọn, Ajasin ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1908. Ó kàwé ní Fourah Bay àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College ní Ọ̀wọ̀ láti 1947. Ó wà lára àwọn tó lo ọpọlọ láti gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kalẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò gidi ni: mélòó ni ọmọ, mélòó ni olùkọ́, níbo ni owó yóò ti wá? Aláìnírònú kò lè ṣe é, mo sì ń sọ èyí fún àwọn tó máa ń ní ọkàn rere nìkan ti tó fún olórí.

Àmọ́ wọ́n gbé ìṣirò náà síwájú aráàlú. Owó orí tí wọ́n bù lé e nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ náà sì pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Wọn kò pa ìbò náà rẹ́. Wọ́n tẹ̀síwájú nínú àlàyé, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tó wọlé lọ́dún náà lé ní 800,000, wọ́n sì wọlé ìbò ní 1956. Nígbà tí Ajasin fúnra rẹ̀ ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ohun tí tọmọdé tàgbà fi ń rántí rẹ̀ ni pé kò fi ipò náà kó ọrọ̀ jọ. Ìjọba ológun gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní 1984, wọ́n sì dá a láre. Ẹni tí ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́ kì í sá fún olùyẹ̀wò.

Ìbò oṣù Kẹjọ 1983 ni ẹ̀yìn owó. Wọ́n kéde pé Akin Omoboriowo, amòfin tó ti ṣe igbákejì Ajasin, ló wọlé. Iná sọ ní Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Ajasin. Ìṣirò ìbò kò le. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ro ó. Àwọn tó mọ̀wé ló wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe ọpọlọ ló wọ́n wọn lọ́jọ́ náà.

Kí n tó kúrò ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mo ti bi Bàbá onípákó pé, "Ẹ̀yin Bàbá, ṣé kí á máa yan aláìmọ̀wé ni?"

Wọ́n ní, "Èmi kò wí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwa onípákó ní àpótí owó kan. Akápò wa ló mọ ìṣirò jù nínú wa, ìdí nìyẹn tí a fi yàn án. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lára àpótí náà. Òun mú ọ̀kan, Ebira kan mú ọ̀kan, Íbò kan mú ọ̀kan. Kò dá a ṣí rí, kò sì bínú rí."

Èsì tí mo gbé wá sí àríyànjiyàn nìyí: ọpọlọ pípé dára fún olórí, bí olórí náà bá gbà kí ẹlòmíràn di kọ́kọ́rọ́ kejì mú. Apá tèmi kò borí lọ́jọ́ náà. Àwọn adájọ́ ní mo ti fi ẹnu ara mi bá apá kejì gbèjà. N kò bá wọn jà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọdọọdún ni a ń yan alága àti akápò ẹgbẹ́ yìí, ẹni tó mókè nínú ìdánwò ni ojú wa sì máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde níwájú yín lọ́dún yìí láti tọrọ ìbò, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni yóò ka ìṣirò owó wa sí wa létí, àti ta ni yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìbéèrè náà bá bí i nínú, ẹ ti rí ìdáhùn yín.