Ṣé dúdú kan náà ni gbogbo dúdú? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa yíǹkì kí ẹ tó tún fọ́tò àtijọ́ tẹ̀

Ká ní ẹ gbé fọ́tò ìyá yín àgbà, èyí tí wọ́n yà ní nǹkan bíi 1965, lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò. Wọ́n gbé e sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ kó lè tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà tó ń dán. Ojú ìyá àgbà ni lóòótọ́, gèlè wọn náà ni. Àmọ́ nǹkan kan tó dà bí àwọ̀ ewé ti wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé fọ́tò náà ló ti gbó jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yíǹkì ló fà á, kò sì ṣòro láti yanjú bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Níbo ni àwọ̀ ewé ti wọlé?

Yíǹkì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wọ́pọ̀: búlúù tó mọ́lẹ̀, pupa tó ń fà sí àlùkò, yẹ́lò àti dúdú. Bí fọ́tò bá tiẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, yíǹkì dúdú nìkan kọ́ ló sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà máa ń po mẹ́ta yòókù mọ́ ọn kó tó rí oríṣiríṣi àwọ̀ eérú tó wà láàrin dúdú àti funfun.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi bíńtín ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, eérú náà kò ní jẹ́ eérú mọ́. Ó lè yà sí àwọ̀ ewé, ó sì lè yà sí àlùkò. Bó bá jẹ́ fọ́tò aláwọ̀ ni, ojú wa kì í tètè rí i. Nínú dúdú àti funfun, kò síbi tó fẹ́ sá sí.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Eérú tí wọ́n fi yíǹkì aláwọ̀ pò máa ń yí padà bí iná bá yí padà. Èyí tó dára lójú yín lábẹ́ iná gbọọrọ inú ṣọ́ọ̀bù lè pọ́n bí ẹ bá gbé e dé inú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi máa ń rò pé wọ́n pààrọ̀ fọ́tò mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Dúdú mẹ́ta nínú ẹ̀rọ kan

Ní 2005, ilé iṣẹ́ Epson ti ilẹ̀ Japan gbé yíǹkì kan jáde tó pè ní UltraChrome K3, fún àwọn tó fi fọ́tò ṣe iṣẹ́. Dúdú mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀: dúdú gidi, eérú, àti eérú tó fẹ́lẹ́. Canon àti HP náà ní ẹ̀rọ tó ń lo yíǹkì eérú.

Bí dúdú bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà tẹ eérú ni kó fọ́n àmì dúdú tóótòòtó ká orí pépà funfun, bí ẹni wọ́n ata gígún sórí ẹ̀kọ. Bí yíǹkì eérú bá wà, àmì tó ń fọ́n ká kì í hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì nílò yíǹkì aláwọ̀ púpọ̀ mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Jon Cone, tó ń tẹ àwòrán fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ìpínlẹ̀ Vermont, tiẹ̀ ṣe é kọjá bẹ́ẹ̀. Ó yọ gbogbo yíǹkì aláwọ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ, ó sì fi oríṣiríṣi dúdú àti eérú rọ́pò wọn. Piezography ni orúkọ tó fún un.

Èwo lẹ fẹ́ nínú mẹ́rin?

Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ní irú ẹ̀rọ Epson yìí, ibì kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó ti máa bi wọ́n bóyá Neutral, Cool, Warm tàbí Sepia ni wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kan ibẹ̀.

Neutral ni eérú tí kò yà sí ibì kankan. Cool máa ń fà sí aró díẹ̀. Warm máa ń fà sí àwọ̀ kòkó. Sepia ni rúsúrúsú tó dà bí fọ́tò ayé àwọn òyìnbó amúnisìn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ni àwọ̀ ara. Lójú tèmi, àwọ̀ tó ń fà sí aró kì í sábà yẹ ojú adúláwọ̀. Ó máa ń sọ awọ ara di nǹkan tó dà bí òkúta, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà sí iwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá fà sí kòkó díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ máa ń padà sójú ẹni náà.

Àmọ́ ẹ má ṣe àṣejù. Bí ìyá àgbà bá wé gèlè funfun tàbí tí wọ́n wọ léèsì funfun, Sepia máa jẹ́ kó dà bí aṣọ tí wọ́n fi omi ọ̀gbàrá fọ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa máa ń pín in sí méjì: àwọn ibi tó dúdú á fà sí kòkó, àwọn ibi tó mọ́lẹ̀ á wà ní eérú lásán. QuadTone RIP, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí Roy Harrington ṣe, lè da àwọ̀ méjì pọ̀ báyìí.

Ẹ wo iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1930, tó sì kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya fọ́tò irun àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí ló sì máa ń kọ sí kámẹ́rà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Onílé Gogoro. Irun dúdú, òwú dúdú, ọrùn dúdú: dúdú mẹ́ta lórí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dá dúró. Ẹ fi ẹ̀rọ oní-dúdú kan tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ máa rí òwú náà. Ní ti irú èyí, Neutral ni màá yàn, nítorí pé dídán òróró orí irun ni kókó, kì í ṣe awọ ara.

Ẹjọ́ Seydou Keïta

Ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948. Négátíìfù tó sábà ń lò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Ó máa ń gbé e lé pépà tààrà ni, nítorí náà ìwọ̀n kan náà ni fọ́tò tí oníbàárà ń gbé lọ ilé. Nǹkan tí èèyàn lè mú lọ́wọ́, tó lè fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Dakar.

Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún négátíìfù rẹ̀ tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ní títóbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ògiri. Dúdú inú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin, funfun rẹ̀ ń tàn yanran. Ẹwà wà níbẹ̀, ayé sì mọ Keïta nípasẹ̀ wọn kó tó kú ní 2001. Àmọ́ awuyewuye dìde: ṣé irú fọ́tò tó tẹ̀ fún àwọn ará Bamako rèé? Àwọn tí wọ́n rí ti àtijọ́ mọ̀ pé eérú pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì rọ̀ lójú.

Kẹ́míkà ni wọ́n fi tẹ àwọn fọ́tò ńláńlá yẹn, kì í ṣe yíǹkì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lónìí máa ń bá pàdé. Rúsúrúsú ara fọ́tò àtijọ́ kì í ṣe ohun tí ayàwòrán yàn nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, kẹ́míkà tí wọn kò fi omi ṣàn kúrò dáadáa ló fà á, pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin ilé wa. Bí ẹ bá tún un tẹ̀ ní Sepia, ọjọ́ orí pépà lẹ tẹ̀ yẹn, ó lè má jẹ́ ohun tí ayàwòrán fẹ́.

Èwo ló máa pẹ́ jù?

Láyé kẹ́míkà, Sepia ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó máa ń sọ fàdákà inú fọ́tò di nǹkan tí atẹ́gùn kì í tètè bà jẹ́. Nínú yíǹkì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ lásán ni, yíǹkì aláwọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ sì ni wọ́n fi ń po ó.

Èédú ni wọ́n fi ń ṣe yíǹkì dúdú tó lágbára jù, oòrùn kì í sì í tètè ṣá a. Fúnra rẹ̀ ló máa ń fà sí kòkó bí wọ́n bá là á. Kó tó lè di eérú gidi, tàbí kó fà sí aró, wọ́n gbọ́dọ̀ fi yíǹkì aláwọ̀ díẹ̀ sí i, àwọn yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣá. Pépà náà wà níbẹ̀: èyí tó funfun gbòò tó ń fà sí aró ní kẹ́míkà tó ń mú un tàn, tí agbára rẹ̀ máa ń dínkù, tí pépà á sì pọ́n. Bánà tí wọ́n ń gbé kọ́ níbi òkú àgbà kò kan gbogbo èyí, ọjọ́ mélòó kan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún èyí tó tóbi, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ wọn ní yíǹkì eérú, àti bóyá yíǹkì ọ̀hún jẹ́ pigment. Kí wọ́n gé ojú nìkan nínú fọ́tò náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní kékeré lọ́nà mẹ́ta: Neutral, Warm, àti èyí tó wà láàrin wọn. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá tò wọ́n sí ògiri tí fọ́tò náà máa wà. Ẹ wò wọ́n ní ọ̀sán, kí ẹ tún wò wọ́n lálẹ́ nígbà tí ẹ bá tan iná. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó mọ ìyá àgbà lójú wà níbẹ̀.