Nígbà tí Ọ̀gá bá Dápàárá

Ẹ̀rín ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí ọ̀gá bá dápàárá níbi ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹni tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 4 ló máa rẹ́rìn-ín jù: á fọwọ́ gbá itan, á ní, "Háà, ọ̀gá, ẹ máa pa wá o!" Ẹni tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 á rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ á fi hàn. Ẹni tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14, tó ti ń ka oṣù tó kù kí ọ̀gá fẹ̀yìn tì kí òun jókòó sórí àga rẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ ló máa rín. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá àpárá náà dùn. Ẹni tó bá ti bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, ì báà jẹ́ ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà tàbí ní Ayétẹ̀, kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá rò ó wò pé ọ̀gá dápàárá, gbogbo yàrá sì pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ń wo àjà, òmíràn ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀gá nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí àpárá náà wà, àlàyé yẹn sì ba ìwọ̀nba tó kù jẹ́. Lórí irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, Ricky Gervais àti Stephen Merchant, gbé eré kan kà, tí wọ́n pè ní The Office. Oṣù keje ọdún 2001 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde.

Ìlú Slough, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, ni ọ́fíìsì inú eré náà wà. Bébà ni ilé-iṣẹ́ wọn, Wernham Hogg, ń tà. David Brent ni ọ̀gá, Gervais fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Lójú ara rẹ̀, aláwàdà ni kó tó jẹ́ ọ̀gá, ọ̀rẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ sì ni. Lábẹ́ rẹ̀ la ti rí Tim, ọmọkùnrin tó ń ta bébà ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Gareth, tó gbà pé òun ni igbákejì ọ̀gá nígbà tó jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá lásán ni (irú Gareth kan kò ní ṣàì wà ní ọ́fíìsì tiyín náà). Àti Dawn, tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú Tim kì í kúrò lára rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní àfẹ́sọ́nà.

Eré náà ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe eré. Àfi bíi pé àwọn kan gbé kámẹ́rà wọ ọ́fíìsì láti ya bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn. A kò gbọ́ ẹ̀rín òǹwòran kankan láti ẹ̀yìn. Bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BCOS bá gbé kámẹ́rà wá láti Ìbàdàn, gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: fìlà á tọ́, tábìlì á mọ́, ẹni tí kì í dé ibi iṣẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù á ti jókòó láti aago méje. Brent náà nìyẹn. Wàhálà tirẹ̀ ni pé kámẹ́rà kò lọ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó ń ṣe àṣehàn níwájú rẹ̀, gbogbo ohun tó sì ń ṣe kí wọ́n lè rí i bí ènìyàn dáadáa ló ń tú u síta.

Ní ìpín kìn-ín-ní, Brent fẹ́ fi han òṣìṣẹ́ tuntun kan pé òun mọ àwàdà ṣe. Ó pe Dawn wọlé, ó fẹ̀sùn kàn án pé ó ń jí bébà kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ àkíyèsí, ó ní òun ti lé e kúrò níṣẹ́. Dawn bú sẹ́kún. Brent ní àwàdà ni. Dawn bú u lójúkojú, ó sì jáde. Ní ọ́fíìsì tiwa, ibẹ̀ yẹn gan-an ni eré náà ìbá ti parí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2005, NBC gbé The Office tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà. Greg Daniels ló tún un dá. Ìlú Scranton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ló gbé e lọ. Bébà náà ni wọ́n ń tà, Dunder Mifflin lorúkọ ilé-iṣẹ́ wọn. Brent di Michael Scott, tí Steve Carell ṣe. Tim di Jim, Dawn di Pam, Gareth di Dwight. Ìpín kìn-ín-ní fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀sùn olè kan náà, ẹkún kan náà. Síbẹ̀ ó tutù. Ọ̀rọ̀ tó ta ènìyàn lára ní Slough wá dà bí ọ̀rọ̀ àkọ́sórí ní Scranton.

Ẹni tó bá ń kọ̀wé láti Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ṣáà máa ń wá ibi tó máa fi ìbejì há. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ ọbẹ̀ ìlasa wọn ní àlàáfíà. Eré méjì yìí kì í ṣe ọmọ ìyá, ohun tó sì gba ti Amẹ́ríkà là ni pé wọ́n dẹ́kun àtifi ojú jọ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Sáà kìn-ín-ní wọn kò ju ìpín mẹ́fà lọ. Nígbà tí sáà kejì máa fi dé, wọ́n ti tún Michael ṣe. Irun orí rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agbárí tẹ́lẹ̀ wá dà bí irun ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àtúnṣe náà wọ̀ jù. Ìpín kan wà tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Jan, ti lọ pàdé oníbàárà ńlá kan. Jan fẹ́ kí wọ́n jókòó kí wọ́n sọ̀rọ̀ ajé. Michael gbé ìpàdé náà lọ sí ilé oúnjẹ, ó ń dápàárá, ó ń kọrin nípa ẹran tí wọ́n ń jẹ, Jan ń bínú lábẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mẹ́nu ba bébà rárá, oníbàárà náà sì gbà. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀gúsí tàbí gàrí ní ọjà Igbó-Ọrà rí ti bá Michael yìí pàdé: ìyá tí kò ní dá iye lé ọjà kó tó béèrè àlàáfíà aya, ọmọ àti àna rẹ. Àwàdà tó ń kó ìtìjú bá Michael nínú ọ́fíìsì ló ń bọ́ ọ níta. Àwọn tó kọ eré ti Slough kò fún Brent ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé iye ìpín ló fà á ju ọ̀rọ̀ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni Amẹ́ríkà lọ. Ìpín 12 péré ni ti Gẹ̀ẹ́sì, àti méjì tí wọ́n fi parí rẹ̀ nígbà Kérésìmesì ọdún 2003. Ti Amẹ́ríkà dé 201 kó tó dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Kò sí ìdílé tó máa gba ẹni tí wọn kò fẹ́ràn sí pálọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí Michael máa kúrò ní 2011, tó ń tẹ̀ lé obìnrin tó fẹ́ràn lọ sí Colorado, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sunkún, àwa náà ń nu ojú.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa mú. Ní òpin sáà kejì, àwọn ọ̀gá àgbà sọ fún Brent pé kó máa lọ. Ó kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. Nígbà tó yá ohùn rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, omi gba ojú rẹ̀, kámẹ́rà kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá wo ibẹ̀ á rí ohun kan tí Gẹ̀ẹ́sì lè má rí. Brent ń dá bẹ̀bẹ̀. Níbí, bí iṣẹ́ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kì í dá ẹ̀bẹ̀ náà lọ. Àgbà ìjọ tàbí lèmọ́mù á tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó mọ kọmíṣọ́nnà á tẹ̀ lé e, ẹnì kan tilẹ̀ á ti lọ rí ọ̀gá nílé ní alẹ́. Ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn kò ní ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá a bẹ̀bẹ̀. Ó di ìpín àkànṣe tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò àpèjẹ, kó tó ṣàwàdà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí látọkàn wá. Kò sì jẹ́ ọ̀gá wọn mọ́ nígbà náà.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn náà ti gbé e. Jámánì ní Stromberg láti 2004, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n fi ṣe. Íńdíà ṣe tiwọn ní Faridabad ní 2019. Ní Poland ní 2021, omi inú ìgò ni wọ́n ń tà. Ọsirélíà fi obìnrin, Hannah Howard, ṣe ọ̀gá ní 2024. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ EbonyLife ti tún eré Amẹ́ríkà kan dá, Desperate Housewives Africa, ní 2015, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó olówó ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì.

Ẹni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tún eré ilẹ̀ mìíràn dá kì í tilẹ̀ ṣe aláwàdà. Ní 1968 ni Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame jáde ní Ilé-Ifẹ̀, ìtàn ọba Gíríìkì tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀. Nínú ti Gíríìkì, ìjà ta ló máa yà fún ta lójú ọ̀nà ló fa ikú náà. Rótìmí mọ̀ pé ìyẹn kò tó ìjà níbí. Ó gbé e lọ sí oko iṣu, ó jẹ́ kí bàbá náà fi èdè àti ìlú Ọdẹ́wálé, ọmọ rẹ̀, ṣe ẹlẹ́yà. Ta ni kò mọ̀ pé ìyẹn lè fa ìpànìyàn? Ó fi ohun tó ń dùn wá dípò ohun tó ń dùn wọ́n.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé The Office wá sí Èrúwà, bébà àti orúkọ ló rọrùn jù. Gbogbo Slough ló ń pe Brent ní David. Tiwa á fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Dádì. Ìfẹ́ ọ̀rẹ́ ni Brent ń wá, ìfẹ́ ọmọ sí bàbá ni tiwa á máa wá, ìyẹn sì tún le jù, nítorí ọ̀rẹ́ lè gbójú fò ó bí wọn kò bá kí i.

Àwàdà ìlé-kúrò-níṣẹ́ yẹn kò ní ṣiṣẹ́, torí wọn kì í tètè lé òṣìṣẹ́ ìjọba. Kúẹ́rì ló ń dẹ́rù bà á. Ọ̀gá á tẹ kúẹ́rì irọ́, á fi òǹtẹ̀ lù ú, á ní kí obìnrin kíláàkì ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n bá a wí. Obìnrin náà kò ní bú ẹnikẹ́ni. Á kúnlẹ̀. Àwọn méjì tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á bá a kúnlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá ní àwàdà ni òun ń ṣe, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì dúpẹ́.

Ohun kan tún wà nípa sítéplà. Ní Slough àti ní Scranton, wọ́n di sítéplà ẹnì kejì sínú oúnjẹ dídì kan tó ń mì tìtì, tí ojú ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀kọ dán an wò o. Àgbàlagbà tó bá rí oúnjẹ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní gbọ́ àwàdà kankan mọ́. Tiwa kò le: ẹnì kan ṣoṣo ló ní sítéplà ní gbogbo ẹ̀ka náà, ó tì í mọ́ dúróà, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún lífù oṣù kan.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìdákẹ́jẹ́ tí mo sọ níṣàájú. A kò ní in. Bí a bá fi tipátipá dákẹ́ nínú eré, òǹwòran Èrúwà á béèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ náà ya wèrè. Inú ẹ̀rín fúnra rẹ̀ la ti gbọ́dọ̀ wá a: ẹ̀rín tó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ẹ̀rín tó dúró lójijì nígbà tí ọ̀gá yíjú, ẹ̀rín ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. Tim máa ń wo kámẹ́rà nígbà tí nǹkan bá sú u, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa yọ òun. Jim náà ń wò ó, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pín ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Tim ti Èrúwà kò nílò kámẹ́rà. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń fi ojú sọ fún un pé kó má gba oúnjẹ àlejò. Ẹnu rẹ̀ á bá wọn rẹ́rìn-ín lásìkò, ojú rẹ̀ á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó ní ìkọjú. Kámẹ́rà méjì la máa nílò.

Ta ló wá máa ṣe ọ̀gá? N kò ní pe Adébáyọ̀ Sàlámì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀gá Bello tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ti bá iṣẹ́ náà mu. N kò ní pe aláwàdà kankan. Ẹni tó ti ṣe ọba àti baálé nínú fíìmù títí, tí ojú rẹ̀ le, ni mo máa pè. Bí aláwàdà bá ṣe é, àwa tí a ń wò ó nílé á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó yanu, kò sì sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá àpárá náà dùn.