Ooru iléeṣẹ́ ń pààyàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń mú

Bí òṣìṣẹ́ bá ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò jẹun wá látilé, tàbí pé ọ̀lẹ ni. Àwọn mí-ìn á tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lè jẹ́ ooru ló ń bá a jà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń yọ́ irin n'Íkòròdú, ẹni tó ń yan búrẹ́dì l'Ágége, àtẹni tó ń yọ́ ike lábẹ́ páànù gbígbóná. Lọ́dún 2024, ILO, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ṣírò ẹ̀ pé òṣìṣẹ́ bílíọ̀nù 2.4 ni ooru àpọ̀jù ń bá fínra lọ́dọọdún, àwọn bíi 18,970 ló sì ń bá a lọ.

Ìwọ̀n 37 lára èèyàn máa ń wà. Òógùn ló fi ń tu ara ẹ̀ lára, àmọ́ tí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi t'Èkó, òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní í gbẹ. Orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, iṣan á máa fà á. Tó bá wá ń sọ ìsọkúsọ, ara ẹ̀ ti lè wọ 40 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ká lọ sinmi. Ẹ gbé e síbòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kẹ́ ẹ máa wá mọ́tò ọsibítù.

Èyí tó burú jù ni pé OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí ooru ń pa níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọṣẹ́ ni wọ́n kú. Ara nílò ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mọ ooru í gbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ẹni tuntun má lò ju ìdá kan nínú márùn-ún àsìkò iṣẹ́ ẹ̀ nínú ooru. Káṣúà tí wọ́n mú lẹ́nu géètì láàárọ̀, tí wọ́n tì sídìí iná, ta ló fún un láyè yẹn? Kò sì jẹ́ sọ pé ó rẹ òun, torí ọ̀pọ̀ ló ń dúró níta.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má rò pé àánú lẹ fẹ́ ṣe. ILO sọ lọ́dún 2019 pé tí ooru bá ti wọ 33 sí 34, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ le níwọ̀nba ti pàdánù ìdajì agbára ẹ̀. Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá ní ẹ gbọ́dọ̀ pèsè omi mímu tó dáa. Kọ́ọ̀bù omi kan ní ogún ìṣẹ́jú, fèrèsé tó ń gba atẹ́gùn, ìsinmi díẹ̀ níbòji: gbogbo ẹ̀ ò wọ́n tó pósí.