Ooru ló ń sọ bí férémù alumíníọ̀mù yóò ṣe le tó

Férémù wíńdò alumíníọ̀mù méjì lè jọra ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀kan tètè tẹ̀, kí èkejì dúró ṣinṣin. Fún onílé tó ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjagun, nítòsí yunifásítì Tai Solarin, owó ńlá ni ìyàtọ̀ yìí.

Àdàlù alumíníọ̀mù, magnesium àti silicon tí wọ́n ń pè ní 6063 ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ férémù. Nílé iṣẹ́, wọ́n máa ń mú un gbóná dé nǹkan bíi 450 sí 500 dígírì Celsius. Kò ní yọ́, ṣùgbọ́n á rọ̀ débi tí ẹ̀rọ á fi lè tì í gba ojú ihò, bí ọṣẹ ìfọyín ṣe ń jáde.

Hóró wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀. Bí ooru bá kéré jù, magnesium àti silicon kò ní wọ inú alumíníọ̀mù dáadáa, férémù kò sì ní le. Bó bá pọ̀ jù, hóró á tóbi, ara férémù á sì máa ya. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tètè mú un tutù, wọ́n á sì tún yan án ní nǹkan bíi 180 dígírì fún wákàtí mélòó kan, kó lè le.

Kí oníbàárà tó sanwó, kó béèrè bóyá T5 tàbí T6 wà nínú ìwé ọjà náà. Àmì pé wọ́n ti fi ooru mú un le nìyẹn. Ẹni tó ra ọjà tí kò níwèé torí ẹ̀dínwó lè ra férémù lẹ́ẹ̀mejì.